Báwo lẹ ṣe ń mọ ẹni tó ń ṣíwájú gan-an ní Le Mans lóru?

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará. Láti ọdún 2023 tí Ferrari padà wá borí ní Le Mans, eré ọkọ̀ oníwákàtí 24 ti ilẹ̀ Faransé, ni eré náà ti wọ̀ mí lẹ́jẹ̀. Òru rẹ̀ ló ń dà mí láàmú. Hypercar, LMP2 àti LMGT3, ìyẹn ìsọ̀rí ọkọ̀ mẹ́ta tó yàtọ̀ síra, jọ ń sáré pọ̀, iná iwájú ọkọ̀ nìkan lèèyàn sì ń rí lójú ọ̀nà gbọọrọ tí wọ́n ń pè ní Mulsanne. Bí ọkọ̀ kan bá yà lọ rọ epo, tó tún pààrọ̀ táyà, ipò á dàrú. Mo ti gbìyànjú àtimáa kọ ọ́ sínú ìwé, mo tún ń wo àtẹ àkókò lórí fóònù, síbẹ̀ ó máa ń dojú rú mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ máa ń wò kẹ́ ẹ tó mọ ẹni tó ń ṣíwájú lóòótọ́? Ẹ má bínú pé ó gùn díẹ̀. Ẹ ṣeun ṣáájú.