Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé ká gba ipa akọni lọ́wọ́ ọmọ alákàrà yìí?

Ọmọ Kétu:
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ọ̀rọ̀ kan ló gbé mi wá sọ́dọ̀ yín, ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí mi ò ti rí oorun sùn dáadáa.

Àwa mẹ́fà la kóra jọ níbí ní Kétu, ilẹ̀ Benin, láti ya fíìmù kékeré kan. Ìṣẹ́jú 20 péré ni, fóònù la ó sì fi yà á. Gbogbo wa la fẹ́ràn fíìmù àwọn akọni alágbára, àwọn tó ń fò lójú ọ̀run, àwọn tó ń fọwọ́ kan gbé ọkọ̀. Ọjọ́ pẹ́ tí a ti ń sọ ọ́ pé a fẹ́ akọni tiwa, tí yóò máa fọ Yorùbá. Obìnrin ni akọni náà, afẹ́fẹ́ ló sì máa ń gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Tó bá ní kó jà, á jà. Tó bá ní kó sinmi, ewé kan kò ní mì. A fẹ́ yà á lásìkò ọyẹ́, kí eruku lè jẹ́ kí afẹ́fẹ́ náà hàn nínú fóònù.

Ẹni méjì ló dù ú. Èkíní ga, ó lẹ́wà, ó ti ṣeré lórí ìtàgé ní Kùtọnu, àwọn tó ń tẹ̀ lé e lórí Facebook sì pọ̀. Èkejì kúrú, ó dúdú, ọmọ ọdún 19 ni, àkàrà ló ń bá ìyá rẹ̀ dín lẹ́bàá ọjà. Kò dúró níwájú kámẹ́rà rí láyé rẹ̀.

Èkejì la mú, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀. Lọ́jọ́ tí a lọ bá a nídìí iná, afẹ́fẹ́ ṣàdédé yí padà, iná àti èéfín kọjú sí i. Kò tilẹ̀ wo ibẹ̀. Ẹsẹ̀ òsì ló fi ti páànù tó fi ń dáàbò bo iná sí apá kejì, ó fa etí ìró rẹ̀ bo abọ́ ẹ̀wà lílọ̀ kí eruku má bàa wọ̀ ọ́, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò sì dúró, ó ń yí àkàrà inú epo padà lọ. Ó wá sọ̀rọ̀ sí afẹ́fẹ́ náà lábẹ́lẹ̀, bí ẹni ń bá ọmọ aláìgbọràn wí: "Ó tó o." Èmi àti ẹni tó kọ ìtàn wa wo ojú ara wa. A ò tún wá ẹlòmíràn mọ́.

Àṣìṣe mi ni pé mo fi fọ́tò rẹ̀ han àwọn èèyàn kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Èébú rọ̀ sílẹ̀ bí òjò. Ẹnìkan béèrè bóyá akọni nìyí àbí ọmọ ọ̀dọ̀ akọni. Òmíràn ní ká lọ wá ẹni tó jọ èèyàn. Ọmọ náà rí gbogbo rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti pa ìdánrawò jẹ láti ìgbà náà.

Èyí tó wá dá kún un ni pé bàbá kan, ẹ̀gbọ́n ìyá ọ̀dọ́bìnrin kìíní, ní òun máa fún wa ní ẹgbẹ̀rún 150 fáránkì àti ẹ̀rọ iná bí a bá fi ọmọ òun sí i. Mẹ́rin nínú àwa mẹ́fà ti ń yí síbẹ̀. Kí ni kí n ṣe?

Ọmọ Pọ́bẹ̀:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ gba owó náà. Mi ò bú ọmọ alákàrà o, ṣùgbọ́n ojú la fi ń wo fíìmù. Nígbà tí Chris Hemsworth jáde bí Thor ní 2011, kò tíì la ẹnu tí a fi gbà pé ọmọ òrìṣà ni. Jason Momoa náà, bó ṣe jáde látinú omi nínú Aquaman ni gbogbo wa pariwo ní yàrá tí a ti ń wò ó. Akọni ní ìrísí tirẹ̀. Bí òǹwòran bá kọ ìrísí rẹ̀, kò ní dúró gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Àjàṣẹ́:
Àbúrò, mo bọ̀wọ̀ fún ọ̀rọ̀ rẹ, àmọ́ àwa tí a ti ń wo nǹkan wọ̀nyí tipẹ́ mọ̀ pé ariwo àwọn òǹwòran ti kùnà púpọ̀ jù.

Ní 1988, nígbà tí wọ́n kéde pé Michael Keaton ni yóò ṣe Batman, ìròyìn sọ pé lẹ́tà tí wọ́n fi tako ọ̀rọ̀ náà tó ẹgbẹ̀rún 50. Lójú wọn, apanilẹ́rìn-ín ni, kò sigbọnlẹ̀ tó. Fíìmù náà jáde ní 1989, títí di òní ẹlòmíràn á sọ fún ọ pé òun ni Batman tòun. Ní 2006 ó kan Heath Ledger. Wọ́n ní ojú rẹ̀ ti dára jù, wọ́n ní fíìmù ìfẹ́ ló yẹ ẹ́, kí ló fẹ́ fi Joker, ọ̀tá Batman, ṣe? Ó kú ní oṣù kìíní 2008 kí fíìmù náà tó jáde. Ní 2009 wọ́n fún un ní Oscar, àwọn ẹbí rẹ̀ ló gbà á. Gal Gadot, wọ́n ní ó ti tín-ín-rín jù fún Wonder Woman. Èyí tó bá ọ̀rọ̀ yín mu jù lọ ni ti Hugh Jackman. Nínú ìwé àwòrán, Wolverine, akọni tó ní èékánná irin, kúrú, kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 160 lọ. Jackman fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 190. Kì í tilẹ̀ ṣe òun ni wọ́n kọ́kọ́ mú, Dougray Scott ni, fíìmù mìíràn ló dá a dúró tí kò fi lè wá. Láti 2000 tí Jackman ti gbé èékánná irin yẹn wọ̀, ta ló tún rántí gíga rẹ̀? Bí ẹni tó ga bá lè ṣe akọni tó kúrú, ẹni tó kúrú náà lè ṣe akọni tí ẹ rò pé ó yẹ kó ga.

Mi ò sọ pé gbogbo ìgbà ni òǹwòran ń ṣì í o. Àwọn òṣèré kan wà tí wọn ò bá ipa wọn mu lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo àwọn tí mo dárúkọ yìí, fọ́tò àti orúkọ ni wọ́n fi dájọ́. Wọn ò tíì rí iṣẹ́. Bí wọ́n ṣe ṣe sí ọmọ alákàrà gan-an nìyẹn.

Ohun tó ń dùn mí jù nípa ọ̀rọ̀ ìrísí yìí nìyí. Djimon Hounsou, ọmọ Kùtọnu, ọmọ ilẹ̀ wa. Wọ́n bí i ní 1964, ó kọjá sí ilẹ̀ Faransé ní ọmọdé, ó sì dé Amẹ́ríkà. Ó ṣe Amistad ní 1997. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti pe orúkọ rẹ̀ fún Oscar. Ta ló ga jù ú lọ? Ta ló taagun jù ú lọ? Ohùn wo ló wúwo ju tirẹ̀? Síbẹ̀, ẹ wo ipa tí wọ́n ń fún un nínú fíìmù akọni: Korath nínú Guardians of the Galaxy ní 2014, ọmọ ogun ọ̀tá tó ń jẹ́ iṣẹ́ fún ọ̀gá. Ohùn ọba àwọn apẹja nínú Aquaman. Oṣó arúgbó tó fi agbára lé ọmọ ẹlòmíràn lọ́wọ́ nínú Shazam! ní 2019. Ó ti fi ohùn ṣe Black Panther rí nínú eré àwòrán kan, ohùn nìkan, a ò rí ojú rẹ̀. Ó ní gbogbo ìrísí tí ẹ ń wá, kò sì sẹ́ni tó fi í ṣe akọni gangan nínú àwọn fíìmù ńlá yẹn. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìrísí tàn yín. Ẹni tó ń yan òṣèré ló ń pinnu ìrísí tó yẹ akọni, ẹ̀yin sì lẹ ń yàn án níbí.

Olùkọ́ Ṣábẹ̀ẹ́:
Ọmọ Kétu, ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè kan: báwo ni àwọn méjèèjì ṣe ń fọ Yorùbá?

Ọmọ Kétu:
Ẹ ṣé, ọ̀gá. Èyí tó ga ń fi Faransé là á, bó bá kan ọ̀rọ̀ gígùn, ẹ máa rí i lójú rẹ̀ pé ó ń wá a kiri. Ọmọ alákàrà, Kétu pọ́ńbélé ni. Ó lówe lẹ́nu ju èmi tí mo dàgbà jù ú lọ.

Olùkọ́ Ṣábẹ̀ẹ́:
Ẹ ti dáhùn ìbéèrè yín nìyẹn. Àwọn tó ṣe Wakanda, ìlú àròsọ inú fíìmù Black Panther, mọ iyì ahọ́n. Èdè Xhosa tí ẹ ń gbọ́ nínú rẹ̀, ẹnu John Kani ló ti wọlé, àgbà òṣèré ọmọ South Africa tó ṣe bàbá T'Challa ní 2016. Èdè abínibí rẹ̀ ni. Chadwick Boseman, tó ṣe T'Challa, ìyẹn Black Panther, náà kọ̀ jálẹ̀ pé ọba ilẹ̀ Áfíríkà kò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ bí ọmọ Amẹ́ríkà tàbí ọmọ Gẹ̀ẹ́sì. Bí àwọn tó lówó tó bẹ́ẹ̀ bá lè jà fún ohùn, kí ló dé tí àwa tó ni ohùn yóò fi tì í sẹ́yìn?

Ẹ jẹ́ kí n fi kan kún un. Ọ̀pọ̀ ló gbà pé àwọn obìnrin ogun Dahomey ni wọ́n wò kí wọ́n tó dá àwọn Dora Milaje, àwọn obìnrin ẹ̀ṣọ́ ọba Wakanda. Inú wa dùn nígbà tí a rí wọn, ó yẹ kó dùn. Àmọ́ ọmọ Kétu ni yín. Ní 1886, ogun Dahomey ló jó ìlú yín, tí wọ́n kó àwọn èèyàn yín lẹ́rú. Akọni tí ọmọ Kétu bá máa rí lójú fíìmù, ó yẹ kó jẹ́ ẹni tí ìyá wọn ń ra àkàrà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọmọ Pọ́bẹ̀:
Ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí létí, ọ̀gá. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ láti pààrọ̀ òṣèré. Edward Norton ló ṣe Hulk ní 2008, Mark Ruffalo ló dé ní 2012, a sì gbàgbé. Nínú Iron Man, Terrence Howard jáde, Don Cheadle wọlé ní 2010. Owó kò sí lọ́wọ́ àwọn ẹ̀gbọ́n wa yìí. Ẹgbẹ̀rún 150 lè ra máíkì.

Ẹ̀gbọ́n Àjàṣẹ́:
Òótọ́ ni. Àmọ́ ta ló lé Norton àti Howard? Ilé iṣẹ́ àti àwọn òṣèré ni ọ̀rọ̀ kò wọ̀ láàrin wọn. Kì í ṣe èébú àwọn èèyàn ló lé wọn. Bí ọmọbìnrin yìí bá kúrò báyìí, gbogbo ọjà ló máa mọ̀ pé ojú rẹ̀ ni wọ́n kọ̀. Ọmọ ọdún 19!

Ọmọ Kétu, mo ní àbá. Ṣé ẹnikẹ́ni ti béèrè lọ́wọ́ ọ̀dọ́bìnrin tó ga yẹn fúnra rẹ̀, àbí ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ nìkan lẹ ń bá sọ̀rọ̀? Ẹ fún un ní ipa ọ̀tá akọni. Ipa yẹn kì í ṣe ipa kékeré. Michael B. Jordan gba Killmonger, ọ̀tá Black Panther, ní 2018, àwọn kan sì wà títí di òní tí wọ́n gbà pé òun ló gba fíìmù náà.

Ìyá Aláṣọ, Kétu:
Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti ka gbogbo rẹ̀. Mi ò mọ àwọn òyìnbó tí ẹ ń dárúkọ. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni mo mọ̀.

Nígbà tí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ bá jáde, ọkùnrin ló wà lábẹ́ aṣọ. Wọ́n de ọmú mọ́ ọn láyà, wọ́n de ìdí sí i lẹ́yìn, wọ́n gbé orí igi lé e lórí. Gbogbo wa la mọ̀ pé ọkùnrin ni, ẹlòmíràn nínú wa mọ ilé rẹ̀. Síbẹ̀ a ń wo ìyá. Èèyàn kì í wo ojú níbẹ̀, ẹsẹ̀ là ń wò. Bí ìlù bá sọ̀rọ̀, tí ṣaworo ẹsẹ̀ rẹ̀ dáhùn lọ́gán, tí kò ṣẹ́ku, tí kò lé, a ó hó yè. Bí ẹsẹ̀ bá pa ìlù jẹ, ẹwà igi orí rẹ̀ kò lè gbà á. Bàbá mi gbé e, ó kúrú, ó tún yọ gẹ̀gẹ̀ díẹ̀ lọ́rùn. Mo ti rí àgbà obìnrin tó kúnlẹ̀ fún un.

Ọmọ tó bá afẹ́fẹ́ wí nídìí àkàrà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti bá ìlù mu.

Ṣùgbọ́n ẹ ò tíì ṣe èyí tó kàn. Ẹ yọ fọ́tò yẹn kúrò lónìí. Ẹ má fóònù sí ọmọ náà, ẹ dìde, ẹ lọ sílé wọn, ẹ sì bẹ ìyá rẹ̀. Òun lẹ gbé ọmọ rẹ̀ sójú ayé láìtọrọ. Ìwọ tó gbé e síta ni kó o kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀.

Ọmọ Kétu:
Ìyá mi, ẹ ṣeun. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, mo dúpẹ́.

Mo ti yọ fọ́tò náà. Lánàá, lẹ́yìn ìrun alẹ́, àwa mẹ́ta lọ sílé wọn, mo dọ̀bálẹ̀. Ìyá rẹ̀ dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́, ó ń ṣa ẹ̀wà nìṣó. Ó wá ní òun ò bínú fún fíìmù, pé ohun tó dun òun ni pé ọmọ òun kò jẹ́ kí òun gbé iná sún mọ́ ojú rẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà. Mi ò mọ ohun tí mo lè fi dá a lóhùn. Mo tún dọ̀bálẹ̀.

Ọmọ náà jáde síta nígbẹ̀yìn. Ìbéèrè kan ló bi wá: ta ló máa bá ìyá òun dín àkàrà láwọn ọjọ́ tí a bá ń ya fíìmù? A pín ọjọ́ náà láàrin ara wa níbẹ̀. Tèmi ni ọjọ́bọ̀, ìyá ti ní kí n dé kí ilẹ̀ tó mọ́, kí n wá lọ ẹ̀wà.

Mo bá ọ̀dọ́bìnrin tó ga náà sọ̀rọ̀. Kò mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n ìyá òun ti fi owó lọ̀ wá, ojú tì í. Ó gba ipa ọ̀tá, ó ní kí ọ̀gá Ṣábẹ̀ẹ́ jọ̀ọ́ bá òun tún Yorùbá òun ṣe kí ọyẹ́ tó dé. Bàbá náà kò tíì dáhùn, a ti gbà pé owó náà ti lọ.

Ìdánrawò ku ọjọ́ méjì, lẹ́yìn Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú wa, la ó ti ṣe é. Ẹni tó bá ní ìdúró fóònù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó lè yá wa ní Kétu tàbí Pọ́bẹ̀, kó bá mi sọ ọ́. A ó dá a padà láìní àbùkù.

Ọmọ Pọ́bẹ̀:
Mo ní ọ̀kan, ẹsẹ̀ kan rẹ̀ ló yẹ̀, mo ti fi wáyà dè é. Èmi fúnra mi ni màá gbé e wá. Ẹ ṣe àkàrà sílẹ̀.