Ìgbà tí ẹlẹ́rìí lè sọ pé òun ò ní dáhùn: ohun tí ojú wa rí nílé ẹjọ́

Akọ̀wé owó ni mí. Wọ́n fẹ̀sùn jìbìtì kan ọ̀gá mi àtijọ́, ìwé ìpè sì dé ọwọ́ mi pé kí n wá jẹ́rìí. Àwọn ará ilé ní kí n má lọ. Lọ́yà mi ò gbà. Ó ní ẹ̀tọ́ tí mo ní kì í ṣe ti kí n jókòó sílé. Ẹni tó bá kọ ìwé ìpè sílẹ̀ láìnídìí, ilé ẹjọ́ lè ní kí wọ́n lọ gbé e wá. Orí ìbéèrè ni ẹ̀tọ́ yẹn wà, lọ́kọ̀ọ̀kan.

Mo lọ, mo búra. Wọ́n bi mí nípa ọdún tí mo wọṣẹ́, wọ́n bi mí ta ló ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ àpótí owó, mo dáhùn gbogbo rẹ̀. Ìgbà tí agbẹjọ́rò ìjọba wá na ìwé kan sí mi pé, "Ṣé ìwọ lo fọwọ́ sí i?", mo kọjú sí adájọ́: "Ẹ jọ̀wọ́, mi ò ní dáhùn èyí, torí ìdáhùn rẹ̀ lè jẹ́ kí wọ́n fẹ̀sùn kan èmi náà." Adájọ́ yẹ ìwé náà wò, ó bá lọ́yà mi sọ̀rọ̀, ó ní kí wọ́n bọ́ sórí ìbéèrè mìíràn. Òun ló ń pinnu bóyá ìbẹ̀rù ẹlẹ́rìí nídìí. Pé ọ̀rọ̀ kan á tini lójú ò tó. Ti olùjẹ́jọ́ yàtọ̀ o: lábẹ́ Àtúnṣe Karùn-ún òfin Amẹ́ríkà, tó ti wà láti 1791, kò sẹ́ni tó lè fipá mú un jẹ́rìí rárá nínú ẹjọ́ ọ̀daràn tirẹ̀.

Ìdáhùn:
Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Àbúrò mi ọkùnrin ni wọ́n bá ṣẹjọ́ ní tèmi, Jámánì la sì ń gbé. Níbí, ọkọ, aya, àfẹ́sọ́nà, òbí, ọmọ, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò lè kọ̀ láti jẹ́rìí nínú ẹjọ́ ọ̀daràn ara wọn. Adájọ́ gbọ́dọ̀ sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹlẹ́rìí kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í bi í. Màmá wa rò pé àbúrò mi ló máa yàn fún mi, àmọ́ èmi ẹlẹ́rìí ni mo ni ẹ̀tọ́ náà. Mo kọ̀, wọn ò sì lè ka ohun tí mo ti sọ fún ọlọ́pàá tẹ́lẹ̀ sétígbọ̀ọ́ ilé ẹjọ́. Kò rọrùn fún mi, torí ẹni tí wọ́n ṣe níbi jókòó níwájú mi. Síbẹ̀ mo gbà pé ó dáa kí òfin má fipá mú ọmọ ìyá tú ọmọ ìyá fó. Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin tó wà ní Ìlú Ọba ò lè rí irú ẹ̀tọ́ yẹn gbà lọ́hùn-ún.

Ìdáhùn:
Ọ́fíìsì lọ́yà ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Oníbàárà ló ni àṣírí àárín òun àti lọ́yà. Bó bá yọ̀ǹda pé kó sọ ọ́, lọ́yà ò tún lè fi ẹ̀tọ́ yẹn bojú. Ọ̀rọ̀ ìwà ọ̀daràn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ hù ò sì sí lára àṣírí náà. Ibi tó ń dun àwọn èèyàn jù ni ti ọ̀rẹ́. Obìnrin kan sunkún níwájú wa torí ohun tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́ finú hàn án. Òfin ò dá ọ̀rẹ́ sí, bó bá sì kọ̀ láti dáhùn, wọ́n lè tì í mọ́lé fún títàbùkù ilé ẹjọ́. A ní kó dáhùn ohun tí wọ́n bá bi í nìkan, kó má fi èrò tirẹ̀ kún un.