Ìṣirò táìlì lórí fóònù ní páálí 11, iṣẹ́ jẹ 13

Onítáìlì_Kàbà:
Òkun o, ẹ̀yin ará ilé. JavaScript, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ni mo fi ń kọ ìṣirò táìlì yìí, kí ẹni tó ń kọ́lé ní Kàbà tàbí Mopa lè mọ iye páálí tó máa rà kó tó wọkọ̀ lọ sí Lọ́kọ́ja tàbí Ìlọrin. Yàrá ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 12, táìlì sẹ̀ǹtímítà 60 sí 60, 4 nínú páálí, ìyẹn sikúwíà mítà 1.44. Kóòdù náà: gígùn × ìbú, fi ìdá 10 nínú 100 kún un, fi 1.44 pín in. Ó ní 11. Nílẹ̀, 13 la ṣí, 2 péré ló sì fọ́. Níbo ni àṣìṣe wà?

Bíríkìlà_Ìsánlú:
Ẹ kú iṣẹ́. Táìlì kì í ṣe omi tí a ń dà sílẹ̀ kó kún yàrá. Ẹsẹ̀ 12 jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 366. Táìlì 6 gba 360, ó ku 6. Ta ló máa fi tẹ́ẹ́rẹ́ sẹ̀ǹtímítà 6 sí ìdí ògiri? Á fọ́ mọ́ yín lọ́wọ́ níbi gígé, kò sì ní dáa lójú. Odindi 5 là ń tò sí àárín, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì á pín 66 tó kù: 33, 33. Táìlì 60 kan ò lè bí 33 méjì. Ìlà kan jẹ 7 nìyẹn, ìlà sì jẹ́ 7: 49. Páálí 12 jẹ́ 48. Ẹ ti ṣí ìkẹtàlá kí ẹyọ kan tó fọ́.

Ẹ má da ajẹkù sẹ̀ǹtímítà 27 nù o. 20 ló wà létí ògiri, láìka igun 4. Skirting, táìlì tẹ́ẹ́rẹ́ tí a ń lẹ̀ mọ́ ìdí ògiri, jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10; ajẹkù kan á mú méjì, ó di 40. Àyíká yàrá, tí ẹ bá yọ ẹnu ọ̀nà, ò ju ẹyọ 23 lọ. Kóòdù yín gbọ́dọ̀ ka ìyẹn, àwọn èèyàn ń ra páálí skirting lásán.

Kóòdù_àti_Kọnkéré:
Ẹ lo floor, tó ń gé ìdá kúrò lára nọ́ńbà, láti mọ odindi. Bí ìyókù bá dín ní sẹ̀ǹtímítà 20, ẹ yọ odindi kan, kí ẹ pín òun àti ìyókù sẹ́gbẹ̀ẹ́ méjì. Bó bá wà láàárín 20 sí 29, ẹ gé e sí ẹ̀gbẹ́ kan. Táìlì kan á mú méjì.

Ẹ ṣọ́ra fún 1.1 tí ẹ bá fẹ́ fi ìdá 10 nínú 100 kún un: nínú JavaScript, 100 * 1.1 jẹ́ 110.00000000000001, ceil, tó ń gbé ìdá lọ sí odindi tó tẹ̀ lé e, á sọ ọ́ di 111. Math.ceil(n * 110 / 100) ni kí ẹ kọ, n ni iye táìlì. Ohun tí wọ́n bá tẹ̀ sínú àpótí, lẹ́tà ni kóòdù kà á sí: "12" + 1 á di "121". Ẹ kọ́kọ́ fi Number() sọ ọ́ di nọ́ńbà. Ẹ ya àpótí ẹsẹ̀ àti íǹṣì sọ́tọ̀ pẹ̀lú. Ẹni tó wọn ẹsẹ̀ 12 àti íǹṣì 6 á tẹ 12.6, bẹ́ẹ̀ 12.5 ni.

Bíríkìlà_Ìsánlú:
Mo fẹ́ẹ́ gbàgbé: ìwọ̀n inú plan (àwòrán ilé) kọ́ lẹ máa lò o. Plásítà ń jẹ bíi sẹ̀ǹtímítà kan ààbọ̀ lára ògiri kọ̀ọ̀kan. Ẹ wọn orí àti ìdí yàrá, kí ẹ mú èyí tó tóbi jù.

Onítáìlì_Kàbà:
Ó ti yé mi. Owó páálí ńkọ́, kí n kọ ọ́ sínú kóòdù?

Kóòdù_àti_Kọnkéré:
Rárá o, owó ọjà kì í dúró. Ẹ fi àpótí sílẹ̀ fún iye tí wọ́n pè ní ṣọ́ọ̀bù, àti òmíràn fún nọ́ńbà àwọ̀ tó wà lára páálí. Èyí tí ẹ padà lọ rà lè má bá ti àkọ́kọ́ mu. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ sínú fáìlì HTML (irú èyí tí ojú ewé íńtánẹ́ẹ̀tì jẹ́) kan ṣoṣo, kó lè ṣí níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dé.