Ọgbọ́n wo lẹ fi ń já sùdókù tó bá le? Ẹ wá sọ ìrírí yín

Télọ̀ Òkè-Fìà:

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Télọ̀ ni mí, ní Òkè-Fìà, Òṣogbo níbí. Tí iná bá ti lọ, tí mi ò fẹ́ torí aṣọ ẹyọ kan tan jẹnẹrétọ̀, sùdókù ni mo máa ń ṣe, eré nọ́ńbà tí a ti máa ń kọ 1 dé 9 láìsí àtúnkọ lórí ìlà ìbú (láti ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́), lórí òró (láti òkè dé ìsàlẹ̀) àti nínú àpótí kọ̀ọ̀kan. Bàbá onílé mi, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, fẹ́ràn rẹ̀ jù mí lọ. Ní Sátidé tó kọjá, òjò dá wa dúró sílé. Bàbá gé èyí tó le jù wá láti inú ìwé ìròyìn, wọ́n dà á kọ sí ìwé méjì, wọ́n ní kí kálukú wa ṣe tirẹ̀. Nọ́ńbà 23 péré ló wà nínú ojúlé 81. Ojúlé ni èmi àti Bàbá ń pe ihò kọ̀ọ̀kan. Agboolé ni àpótí tó gba ojúlé 9.

Bírò ni mo fi kọ tèmi. Àwọn tó rọrùn ò gbà mí ju ogún ìṣẹ́jú lọ, gbogbo rẹ̀ bá dúró pa. Mo rí ojúlé kan tó lè jẹ́ 2 tàbí 6. Mo ta á bíi tẹ́tẹ́: mo kọ 6. Ló bá ń wọlé wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, inú mi dùn, àfi ìgbà tó ku ojúlé márùn-ún tí 8 méjì fẹ́ wà lórí ìlà ìbú kan ṣoṣo. Ibo ni mo ti ṣìnà? Mi ò mọ̀. Bírò ò sì ṣeé pa rẹ́. Ó dùn mí wọra.

Nígbà tí mo gbójú sókè, ohun tí Bàbá ti kọ ò tó ìdajì tèmi. Pẹ́ńsù ni wọ́n ń lò. Ní igun ojúlé kọ̀ọ̀kan, wọ́n kọ gbogbo nọ́ńbà tó ṣì lè gbé ibẹ̀ wínníwínní. Wọ́n ní, "Wá wo ìbejì." Nínú agboolé àárín, ojúlé méjì wà tí kò gba nǹkan mìíràn ju 3 àti 7. Ọ̀kan á mú 3, èkejì á mú 7. A ò tíì mọ èwo ni Táíwò, ṣùgbọ́n kò sí ojúlé mìíràn nínú agboolé yẹn tó tún lè ní 3 tàbí 7. Ojúlé kan ní ẹ̀gbẹ́ wọn ní 3 àti 5. Bàbá pa 3 rẹ́, ó ku 5.

Èyí tó tẹ̀ lé e ni mi ò rí rí. Nọ́ńbà 4 nìkan ni wọ́n ń tọpa. Ní ìlà ìbú kejì, òró kẹta àti òró kẹjọ nìkan ni 4 lè gbé. Ní ìlà ìbú keje, òró méjèèjì yẹn náà ni. Tí 4 bá wà ní òró kẹta lókè, òró kẹjọ ló máa wà nísàlẹ̀. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, wọ́n á pààrọ̀ àyè. Èyí ó wù kó jẹ́, òró méjèèjì ti rí 4 tiwọn. Ẹ wá wo ìlà ìbú karùn-ún: ojúlé tó wà ní òró kẹjọ ní 4 àti 9. Bàbá mú ìrésà, wọ́n pa 4, wọ́n fẹ́ ìdọ̀tí rẹ̀ dànù, wọ́n kọ 9 gàdàgbà. Ìyókù tú bí òwú tí a ti rí ìdí rẹ̀. X-wing ni wọ́n ń pe ọgbọ́n náà.

Ẹ̀yin ńkọ́, báwo lẹ ṣe ń ṣe é?

Ará Àlékúwodò:

Ẹ kú iṣẹ́ ma. Kíkọ nọ́ńbà kéékèèké káàkiri máa ń rú mi lójú. Orí fóònù ni mo ti kọ́ sùdókù, lọ́dún tí mò ń sùn ti màmá mi ní ọsibítù. Nọ́ńbà ni mo máa ń bi léèrè, kì í ṣe ojúlé: "Ìwọ 1, ibo lo lè gbé nínú agboolé yìí?" Ojúlé kan lè gba nọ́ńbà márùn-ún lóòótọ́, ṣùgbọ́n tí 1 ò bá ní ibòmíràn nínú agboolé náà, tirẹ̀ nìyẹn. Láti 1 dé 9, mo tún bẹ̀rẹ̀. Màmá ti gbádùn báyìí, mi ò sì tíì jáwọ́. Ìgbà tí ìyẹn bá dúró ni mo tó ń kọ àwọn kéékèèké, kìkì ojúlé tó ṣẹ́kù.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun:

Ẹ̀gbọ́n mi télọ̀, ẹ jẹ́ kí n gbèjà dídán an wò díẹ̀. Ìṣirò ni mò ń kà ní yunifásítì. Sùdókù tí wọ́n ṣe dáadáa, ìdáhùn kan ṣoṣo ló ní. Nítorí náà, tí ojúlé kan bá ní 2 àti 6, mo máa ń da gbogbo rẹ̀ kọ sí ìwé mìíràn, màá gbà pé 2 ni, màá tẹ̀ lé e. Tó bá forí ṣánpọ́n, 6 dájú nìyẹn, mo ti ní ẹ̀rí. Ohun tó burú nínú tiyín ni pé ẹ ò sàmì sí ibi tí ẹ ti yà. Ẹ má sì jẹ́ kí 23 yẹn dẹ́rù bà yín. Ní 2012, àwọn onímọ̀ ìṣirò ní Dublin fi kọ̀ǹpútà fìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé 17 ló kéré jù tí ìdáhùn fi lè jẹ́ ẹyọ kan, 16 ò tó. Ṣùgbọ́n iye nọ́ńbà kọ́ ló ń sọ bó ṣe le tó. Mo ti bá oní-30 jìjàkadì títí ilẹ̀ fi mọ́.

Télọ̀ Òkè-Fìà:

Àbúrò, o ṣeun gan-an. Mo ka ọ̀rọ̀ rẹ fún Bàbá, wọ́n ní òótọ́ lo sọ, ṣùgbọ́n àwọn ò ní tìtorí ẹ̀ fi ìrésà àwọn sílẹ̀. Mo tún sùdókù yẹn ṣe lálẹ́ àná, pẹ́ńsù ni mo lò. Ṣé ẹ mọ̀ pé 6 tí mo fi ta tẹ́tẹ́ yẹn gan-an ni ìdáhùn? Ojúlé tí Bàbá ti rí 5 ni mo ti kọ 3, kí n tó dé ìdí 6 rárá. Ó gbà mí ní wákàtí méjì, mo sì rí X-wing yẹn fúnra mi. Bàbá ti gé òmíràn wá láàárọ̀ yìí, ó wà lábẹ́ sísọ́ọ̀sì mi báyìí, aṣọ oníbàárà kan ló kù kí n parí.