Àlòṣẹ́kù ni kí a mú

Ẹ kú àròjinlẹ̀ o. Orúkọ mẹ́ta ló wà nílẹ̀ fún sustainability, ìyẹn lílo nǹkan lọ́nà tí yóò fi kù fún ọ̀la, tí wọ́n fẹ́ máa fi kọ́ àwọn ayàwòrán-ilé ní Àkúrẹ́: ìdúróṣinṣin, àlòpẹ́ àti àlòṣẹ́kù.

Ẹ jẹ́ ká yọ ìdúróṣinṣin kúrò ná. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá gbọ́ ọ, òpó àti ìpìlẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ máa lọ. Àlòpẹ́ sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n ilé lè pẹ́ lọ́gọ́rùn-ún ọdún kó sì máa se àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ bí ẹ̀wà, kó máa mu epo jẹnẹrétọ̀ lójoojúmọ́. Ohun tí ìgbìmọ̀ Brundtland ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sọ lọ́dún 1987 ni pé ká rí tiwa lò láì dí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn lọ́wọ́. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ti fi irú ọ̀rọ̀ yẹn lé wa lọ́wọ́ tipẹ́: bí wọ́n ṣe ń jẹ ṣẹ́ kù, bẹ́ẹ̀ ni ká máa lò ṣẹ́ kù.

Ẹni tó ní àlòṣẹ́kù jọ àlòkù, kó wo àjẹkù àti àjẹṣẹ́kù. Àjẹkù ni èyí tí ẹnu kọ̀. Àjẹṣẹ́kù, ńṣe la mọ̀ọ́mọ̀ yà á sọ́tọ̀.

Ọ̀rọ̀ náà tún ṣe é fi yẹ àwòrán ilé wò: kí ni ilé yìí jẹ́ kó ṣẹ́ kù? Bí òjìji bá bo fèrèsé, iná tí à bá fi mú ilé tutù á ṣẹ́ kù. Ẹ mú fèrèsé tó kọjú sí gúúsù, tó ga ní mítà 1.2. L'Ákùúrẹ́, lọ́sàn-án gangan nígbà tí oṣù Kejìlá ń parí lọ, oòrùn wà ní nǹkan bí ìwọ̀n dígírì 59 sókè ilẹ̀, níhà gúúsù. Kí òjìji tó lè bò ó dé ìsàlẹ̀, etí òrùlé tó wà lórí fèrèsé gan-an gbọ́dọ̀ yọ síta tó sẹ̀ǹtímítà 72. Ẹni tó yà á ní 30 nítorí ẹwà ti jẹ ju ìdajì òjìji náà lọ. Níhà ìwọ̀-oòrùn, etí òrùlé kò ran nǹkan púpọ̀, torí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń gba abẹ́ rẹ̀ wọlé. Ẹ̀gbẹ́ tó kúrú ni kí ilé kọ síbẹ̀. Ní ti afẹ́fẹ́, fèrèsé tí à ń tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kì í ṣí ju ìdajì lọ. Louvre fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí tán.

Àwọn tó ní kí àlòṣẹ́kù di kọ́ọ̀sì ọ̀tọ̀ lọ́dún kẹrin, mi ò bá wọn lọ. Nígbà yẹn, ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ti le, ẹ̀rọ amúlétutù ni yóò fi máa tún àṣìṣe rẹ̀ ṣe. Láti àwòrán àkọ́kọ́ lọ́dún kìn-ín-ní ni kí wọ́n ti máa gba máàkì fún un.

Tí a bá fẹ́ fi ọ̀rọ̀ náà ṣàpèjúwe ilé: ilé alálòṣẹ́kù.