Báwo ni ìjọ àti mọ́sálásí ṣe lè jọ tọ́jú odò àdúgbò kí òjò tó bẹ̀rẹ̀?

Akọ̀wé Ìjọ, Ìbàdàn

Ẹ̀yin ará, mo kí yín. Akọ̀wé ìgbìmọ̀ ni mí ní ìjọ kan ní Ìbàdàn, ní àdúgbò tí odò kékeré kan gbà kọjá kí ó tó wọ inú Ògùnpa. Kò sí àgbàlagbà ìlú yìí tó gbàgbé omíyalé ọdún 1980, àwọn ọ̀dọ́ wa náà sì fojú ara wọn rí ti ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, nígbà tí omi wó afárá, tí ẹ̀mí tó lé ní 100 sì bá a lọ. Láti ìgbà náà, bí òjò bá ti ṣú ni àyà wa máa ń já. Àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ sì ti ṣàlàyé pé bí afẹ́fẹ́ bá ṣe ń gbóná sí i ni omi tó lè gbé sókè ṣe ń pọ̀ sí i, èyí tó ń mú kí òjò ńlá wúwo ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Ohun tó ń dùn mí ni pé àwa gan-an lọ́wọ́ nínú ọ̀ràn náà. Bí a bá ṣe àìsùn, ọgbọ̀n àpò omi inú ọ̀rá lè tán kí ilẹ̀ tó mọ́. Ogún ọ̀rá ló wà nínú àpò kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ 600 ọ̀rá tí atẹ́gùn àti àgbàrá yóò gbá lọ sínú gọ́tà. A ti da kọnkéré bo gbogbo ọgbà nítorí ọkọ̀, omi tó yẹ kí ilẹ̀ mu wá ń ya lọ bá àwọn tí ilé wọn wà nísàlẹ̀. Nígbà tí mo gbé ọ̀rọ̀ yìí síwájú ìgbìmọ̀, bàbá kan tí mo bọ̀wọ̀ fún gidigidi sọ pé iṣẹ́ ìjọba ni, àti pé Ìwé Mímọ́ ti ní ayé yìí yóò jóná, nítorí náà ọkàn ni kí á máa gbà là. Èmi náà mú wọn lọ sí orí kejì Jẹ́nẹ́sísì, níbi tí Ọlọ́run ti fi ènìyàn sínú ọgbà pé kí ó máa ro ó, kí ó sì máa ṣọ́ ọ, ṣùgbọ́n a kò fi ẹnu ọ̀rọ̀ jóná síbì kan.

Mọ́sálásí kan wà ní òdìkejì odò tí a kò tíì bá sọ irú ọ̀rọ̀ yìí rí. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, níbo ni ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ni ẹ sì sọ fún àwọn àgbà?

Ọmọ Alùfáà, Ìwó

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ọ̀rọ̀ tí bàbá sọ kò ṣàjèjì sí wa, nítorí àwọn kan ń sọ ní mọ́sálásí tiwa náà pé Àlùkìyámọ̀ ti sún mọ́lé. Hadisi tí Anas ọmọ Malik gbà wá, èyí tó wà nínú àkójọ Ahmad, ni Ìmáàmù wa fi dá wọn lóhùn lórí mínbárì: bí Ọjọ́ Ìkẹyìn bá dé bá ẹnì kan tí ọ̀gbìn ọ̀pẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀, bí ó bá lè gbìn ín, kí ó gbìn ín. Kò sí ẹni tó tún jiyàn lẹ́yìn ìyẹn.

Omi àlùwàlá ni a fi bẹ̀rẹ̀. Nínú hadisi, ìwọ̀n omi tí Ànábì fi ń ṣe àlùwàlá kò tó lítà kan, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa máa ń ṣí ẹ̀rọ omi sílẹ̀ tí yóò máa ya títí a ó fi ṣán ẹsẹ̀ tán. A padà sí búútà, a sì fa páìpù láti ibi tí omi ń dà sí lọ sí ẹsẹ̀ igi máńgòrò àti àgbálùmọ̀ tí a gbìn sí ẹ̀gbẹ́ ọgbà. Omi náà kò ní ọṣẹ nínú, kò sì lè pa igi lára. Igi tí ènìyàn bá gbìn nígbà òjò, ọyẹ́ ló máa ń pa á bí kò bá sí ẹni tí yóò máa bomi rin ín, ṣùgbọ́n ní mọ́sálásí, ẹ̀ẹ̀marùn-ún lóòjọ́ ni omi ń dé ìdí tiwa.

Ní ti àwọn aládùúgbò yín, ẹ má ṣe kọ lẹ́tà ránṣẹ́ sí wọn. Kí àgbà méjì nínú ìjọ yín lọ kí Ìmáàmù lẹ́yìn ìrun Àsárì, kí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó dá ọjọ́ iṣẹ́. Bí ẹ bá ti dá ọjọ́ kí ẹ tó débẹ̀, iṣẹ́ yín ni wọn yóò kà á sí, wọn yóò kàn wá bá yín kẹ́dùn ni.

Ẹlẹ́rọ Omi, Abẹ́òkúta

Ẹ jẹ́ kí n fi ojú iṣẹ́ mi wò ó, nítorí ìtara nìkan kò lè la gọ́tà. Ohun tí mo máa ń rí ni pé ìjọ yóò jáde lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, wọn yóò gbé ṣọ́bìrì, wọn yóò kó ẹrẹ̀ dúdú inú gọ́tà jọ sí etí gọ́tà kan náà, wọn yóò ya fọ́tò, wọn yóò sì gba ilé lọ. Òjò àkọ́kọ́ ni yóò gbá gbogbo ẹrẹ̀ náà padà sí ibi tó ti wá. Ẹ wá ọkọ̀ típà kí ẹ tó wá ṣọ́bìrì, kí ẹ sì ti bèèrè ní ìjọba ìbílẹ̀ ibi tí wọn yóò gbà yín láyè láti da á sí.

Ní ti ọ̀rá omi, àwọn tó ń rà á ní kílò wà, ṣùgbọ́n wọn kì í fẹ́ èyí tó ti yí ẹrẹ̀. Kí àwọn ọ̀dọ́ dúró pẹ̀lú àpò ńlá, kí wọ́n gbà á lọ́wọ́ olúkúlùkù kí ó tó bọ́ sílẹ̀. Èyí tó tún dára ju bẹ́ẹ̀ lọ ni kí ìjọ gbé kúlà ńlá kalẹ̀, kí oníkálukú sì mú ife tirẹ̀ wá láti ilé.

Ọ̀rọ̀ kọnkéré yẹn ló ká mi lára jù. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: mílímítà òjò kan lórí mítà onígun mẹ́rin kan jẹ́ lítà omi kan. Bí òrùlé yín bá fẹ̀ tó mítà onígun mẹ́rin 400, òjò tó ga tó mílímítà 50 yóò da lítà 20,000 sílẹ̀ láti orí òrùlé nìkan, kí a tó ka ti ọgbà mọ́ ọn. Tánkì ńlá méjì tó ń gba lítà 10,000 ló lè gbà á, ẹ ó sì rí omi fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Kò dìgbà tí ẹ bá hú gbogbo ọgbà. Ẹ gé ìlà kan lára kọnkéré náà ní ẹ̀gbẹ́ ògiri ìsàlẹ̀, ẹ gbẹ́ ẹ jìn, ẹ fi òkúta wẹ́wẹ́ kún un, kí omi lè rí ibi rì sí. Ẹ má sì ṣe gbẹ́ ẹ sún mọ́ ìpìlẹ̀ ilé tàbí ògiri náà jù.

Ọmọ Òṣogbo

Ẹ jẹ́ kí ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ náà dá sí i. Igbó Ọ̀ṣun tí UNESCO kà mọ́ àjogúnbá gbogbo ayé ní ọdún 2005 fẹ̀ tó hẹ́kítà 75, ó sì wà ní etí ìlú ńlá. Èèwọ̀ ni kí ènìyàn dẹ ọdẹ níbẹ̀, kí ó pẹja, tàbí kí ó gé igi, ohun tó sì pa igbó náà mọ́ nìyẹn, pẹ̀lú akitiyan Susanne Wenger, ayàwòrán ọmọ ilẹ̀ Austria tí a ń pè ní Àdùnní Olórìṣà, àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́, nígbà tí àwọn ènìyàn ń fẹ́ fi ilẹ̀ náà dáko, tí wọ́n sì fẹ́ kọ́lé sí i.

Ṣùgbọ́n èèwọ̀ wa kò dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lókè odò. Ìwakùsà góòlù ní agbègbè Iléṣà ti sọ omi Ọ̀ṣun di ẹlẹ́rẹ̀, tó fi jẹ́ pé ìjọba kìlọ̀ fún àwọn olùsìn kí wọ́n má ṣe mu omi tí àwọn baba wa ń mu fún ìwòsàn. Bí mo bá rí i báyìí, ó máa ń gbé mi lọ́kàn. Nítorí náà, bí bàbá bá ní iṣẹ́ ìjọba ni, òótọ́ wà níbẹ̀, ẹ kàn jẹ́ kí ìjọ àti mọ́sálásí jọ lọ bá ìjọba náà ni. Kí ẹ tó lọ, ẹ rìn lọ sókè odò yín, kí ẹ fojú rí ohun tí wọ́n ń dà sínú rẹ̀.

Ará Lọ́ńdọ́ọ̀nù

Níbí, A Rocha UK, ẹgbẹ́ Kristẹni kan tó ń tọ́jú àyíká, dá ètò kan tí wọ́n ń pè ní Eco Church sílẹ̀ ní ọdún 2016. Ìjọ yóò dáhùn ìbéèrè nípa ìwàásù rẹ̀, ilé rẹ̀, ilẹ̀ rẹ̀, àdúgbò rẹ̀ àti ìgbé ayé àwọn ọmọ ìjọ, wọn yóò sì fún un ní àmì-ẹ̀yẹ bí ó ṣe ń tẹ̀ síwájú. Ohun tó wúlò nínú rẹ̀ fún yín ni pé ìwàásù àti iṣẹ́ ọwọ́ kò yà síra. Ẹ bẹ pásítọ̀ kí ó fi ẹ̀kọ́ náà sínú ìwàásù kí ọjọ́ iṣẹ́ tó dé.

Akọ̀wé Ìjọ, Ìbàdàn

Ẹ ṣeun gan-an ni. Bàbá tó takò mí ni mo fẹ́ bẹ̀ kí ó ṣáájú lọ kí Ìmáàmù, nítorí ẹni àpọ́nlé ni ní àdúgbò wa. A ti rìn lọ sókè odò bí Ọmọ Òṣogbo ṣe wí: ilé ìlagi kan ló ń da èérún igi sínú omi. Kí ni a lè bá wọn sọ tí kò ní di ìjà?

Ẹlẹ́rọ Omi, Abẹ́òkúta

Ẹ wá àwọn tó ń sin adìyẹ nítòsí yín kí ẹ tó lọ bá wọn. Wọ́n máa ń tẹ́ èérún igi sílẹ̀ ilé adìyẹ, wọ́n sì lè máa wá kó o fúnra wọn bí onílé ìlagi bá gbà láti máa dì í sínú àpò. Kí ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n má ṣe gba èyí tó ti inú igi tí a fi oògùn kòkòrò sí wá.