Ìgbéyàwó tí ẹbí fẹ́ fi ọwọ́ ara wọn ṣe: iṣẹ́ wo ni a lè ṣe sílẹ̀?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Àbúrò mi obìnrin ń ṣe ìgbéyàwó láìpẹ́, àwa mọ̀lẹ́bí sì ti fẹnu kò pé àwa fúnra wa ni a óò ṣe ọ̀ṣọ́ àti kéèkì. Àlejò tí a ń retí kò ju 80 lọ. Ìyàwó fẹ́ kéèkì alájà mẹ́ta, ó fẹ́ òdòdó lórí gbogbo tábìlì, ó sì fẹ́ aṣọ títa sẹ́yìn ìjókòó òun àti ọkọ rẹ̀. Mo mọ kéèkì yan dáadáa, ṣùgbọ́n n kò to ọ̀kan lé orí èkejì rí. Ohun tí ó ń kó mi lọ́kàn sókè ni pé bí gbogbo iṣẹ́ yìí bá wọ́ jọ sí ọjọ́ tí ó ṣáájú ìgbéyàwó, ojú oorun ni gbogbo wa yóò fi wo ìyàwó. Èwo ni a lè ṣe sílẹ̀ nínú wọn, èwo ni ó sì yẹ kí a fi sílẹ̀ pátápátá?

Ìdáhùn kìíní

Ẹ kú ìmúra o. Kéèkì ni mo ń ṣe jẹun, nítorí náà òun nìkan ni n óò sọ̀rọ̀ lé lórí. Ẹ má ṣe jẹ́ kí àjà mẹ́ta bà yín lẹ́rù, nítorí kì í ṣe kéèkì ìsàlẹ̀ ni ó ń gbé ti òkè, bí kò ṣe àwọn ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí a kì bọ inú rẹ̀. Ẹ ki ọ̀pá kan bọ̀ ọ́ títí yóò fi kan páálí ìsàlẹ̀, ẹ sàmì sí ibi tí ó ti bá ojú kéèkì dọ́gba, ẹ fà á yọ, kí ẹ sì fi òun wọn àwọn yòókù gé. Bí ọ̀kan bá fi díẹ̀ gùn ju ìyókù lọ, kéèkì òkè yóò dà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Àjà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ jókòó lórí páálí tirẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ọ̀pá yóò gún un wọlé. Lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni kí ẹ gbé wọn lọ, kí ẹ wá tò wọ́n ní gbọ̀ngàn.

Ẹ lè yan kéèkì náà ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Bí ó bá ti tutù pátápátá, ẹ fi náílọ̀n wé e lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó gbé e sí fíríísà. Nígbà tí ẹ bá sì gbé e jáde, ẹ má tú náílọ̀n náà títí yóò fi yọ́ tán, kí omi lè dúró sára náílọ̀n dípò ara kéèkì. Ní ti ohun tí ẹ óò fi bò ó, ẹ rántí pé bọ́tà ń yọ́ ní nǹkan bí 32 sí 35 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ó sì máa ń rọ̀ kí ó tó dé ibẹ̀, nítorí náà áísìnì oníbọ́tà kò bá ìta gbangba mu nígbà ooru.

Kéèkì róbótó tí ó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 15, 20 àti 25 yóò mú ege kéékèèké tí ó lé díẹ̀ ní 70 wá. Bí ó bá jẹ́ èmi, n óò yan kéèkì pẹrẹsẹ kan tí kò ní ọ̀ṣọ́ kankan pa mọ́ sí ilé ìdáná, nítorí òun ni ó yá gé jù, kò sì sí àlejò tí yóò mọ ìyàtọ̀.

Ìdáhùn kejì

Ẹni tí ó sọ̀rọ̀ kéèkì ti ṣe é tán, ṣùgbọ́n òdòdó ni yóò dá yín dúró. Òdòdó tútù kò ṣeé tò sílẹ̀ ju ọjọ́ kan lọ: ẹ óò dá ẹsẹ̀ rẹ̀ gé, ẹ óò já ewé tí omi bá bò, ẹ óò sì fi í sínú omi mọ́jú, jìnnà sí èso tí ó ti pọ́n, nítorí afẹ́fẹ́ tí ń jáde lára èso bẹ́ẹ̀ ń mú òdòdó tètè rọ. Ẹ ṣe ti tábìlì ìyàwó nìkan ní tútù, kí ẹ fi pépà oníhunjọ ṣe ìyókù láti oṣù kan ṣáájú. Ẹ jẹ́ kí ìlà ìhunjọ rẹ̀ lọ láti ìdí ewé òdòdó dé orí, kí ẹ wá fi àtàǹpàkò méjèèjì fa àárín rẹ̀ sọ́tùn-ún sósì díẹ̀díẹ̀. Yóò kó ikùn bí ewé òdòdó gidi. Ẹ má jẹ́ kí omi kàn án, torí àwọ̀ rẹ̀ yóò ṣàn sára aṣọ tábìlì.

Ní ti aṣọ títa, ẹ ra èyí tí fífẹ̀ rẹ̀ tó ìlọ́po méjì àyè tí ẹ fẹ́ bò, kí ó lè ṣẹ́ léra dáadáa, kí ẹ sì gbé ohun tí ó wúwo lé ẹsẹ̀ òpó rẹ̀. Àbẹ́là oníná kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn.

Ìdáhùn kẹta

Ẹ kọ́kọ́ béèrè wákàtí tí wọn yóò ṣí gbọ̀ngàn fún yín àti ìgbà tí ẹ gbọ́dọ̀ kó jáde, nítorí òun ni yóò sọ bí ọ̀ṣọ́ yín yóò ti pọ̀ tó. Mo yapa díẹ̀ sí ẹ̀yin tí ẹ ti sọ̀rọ̀: kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tí yóò bá ìyàwó ya fọ́tò wà lórí àkàbà ní àárọ̀ ọjọ́ náà. Ọ̀rẹ́ ẹbí ni kí ẹ bẹ̀, kí ẹ ya àwòrán bí tábìlì ṣe máa rí fún wọn. Ẹni tí yóò tú ọ̀ṣọ́ náà palẹ̀ ní alẹ́ ńkọ́? Òun ni ẹbí máa ń gbàgbé.

Olùbéèrè

Ẹ ṣeun gan-an ni. A ti gbà láti ṣe òdòdó pépà. Ìyàwó tún ń béèrè bóyá a lè fi òdòdó tútù díẹ̀ sórí kéèkì.

Ìdáhùn kìíní

Ó ṣeé ṣe, bí ẹ bá dá irú rẹ̀ mọ̀ dájú, nítorí májèlé wà nínú àwọn kan, bí Oleander. Kí ó jẹ́ èyí tí wọ́n gbìn fún jíjẹ, tí wọn kò fín oògùn kòkòrò sí. Ẹ má ki ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ inú kéèkì ní tààrà. Ẹ tò ó lé orí páálí kékeré kan, kí ẹ sì gbé e kúrò kí ẹ tó gé kéèkì.